Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Bá Ayàwòrán Ilé Tún Ilé Àgbà Ṣe

Ẹni tó bá dúró lórí àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tó wo ìsàlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí, ilé lórí ilé, títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ. Ti Kẹ́mta wà lára wọn. Kẹ́mta kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àdúgbò kan lẹ́yìn tí wọ́n dé Abẹ́òkúta. Ìlú kan ni nínú igbó Ẹ̀gbá kí ogun tó tú wọn ká, àwọn ará ibẹ̀ ló gbé orúkọ ìlú wọn dání nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, wá sábẹ́ àpáta ní 1830. Ilé amọ̀ ni wọ́n kọ́. Nígbà tí ó di 1839, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú, bẹ̀rẹ̀ sí í wálé láti Freetown, àwọn Àgùdà tó ti Brazil wálé náà sì mú àrà tiwọn dé: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé onígi tí orí rẹ̀ rí roboto, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la àárín ilé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un ló yàtọ̀.

Mo ti rí púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí tó wó, mo sì ti béèrè ohun tó wó wọn. Wọ́n á ní ó ti gbó ni. N kò gbà. Ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ dáa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, lè pẹ́ láyé ju ọmọ ọmọ ẹni tó kọ́ ọ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wó lójú mi, àtúnṣe ló pa wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe fi odindi orí kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ayàwòrán ilé, nítorí iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó dí yín lọ́wọ́ kí ẹ má fi owó yín ba ilé yín jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ parí ti ẹbí

Ilé àgbà ní Kẹ́mta kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan. Bàbá ńlá kan kọ́ ọ, ìyàwó mẹ́rin bímọ fún un, ọmọ bí ọmọ. Lónìí, ìyá arúgbó kan ló wà ní yàrá iwájú, ayálégbé mẹ́ta wà lẹ́yìn, ẹni tó fẹ́ náwó sí i sì wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ìbílẹ̀ wa, tí ilé ẹjọ́ náà ń tẹ̀ lé, kò gba olórí ẹbí láyè kó dá ta dúkìá ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbààgbà ojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, mọ̀ sí i. Lóòótọ́, àtúnṣe kì í ṣe títà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé òòlù lé ògiri láìsọ fún ẹbí yóò rí ìwé agbẹjọ́rò kó tó rí òrùlé tuntun.

Ẹ ṣe ìpàdé, ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí aṣojú ojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Ta ni yóò máa bá ayàwòrán ilé sọ̀rọ̀? Ẹnì kan ṣoṣo, ẹ jọ̀wọ́. Ta ni yóò máa sanwó? Ibo ni ìyá àgbà yóò máa sùn tí iṣẹ́ bá ń lọ? Ibo ni ojú oórì wà? Ẹ má fojú kéré èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n sin àwọn tó ni ilé sí, nígbà míì lábẹ́ yàrá tí ayálégbé ń tẹ́ ẹní lé báyìí. Ayàwòrán ilé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yóò fa páìpù gba ibẹ̀ kọjá lórí ìwé, ọjọ́ tí lébìrà bá sì gbé ṣọ́bìrì ni ìjà yóò bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ti ilé àgbà, ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ lanu, ògiri á wá tẹ̀lé e.

Ṣé òfin ti mọ ilé náà?

Àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè wa, tí gbogbo ayé ń pè ní NCMM, òfin 1979 ló gbé e dúró. Ó ti ní òfin ṣáájú rẹ̀, láti 1953. Ilé tí wọ́n bá kéde nínú ìwé gásẹ́ẹ̀tì ìjọba pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, òfin ti dáàbò bò ó. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ti ìjọba. Ẹ lè gbé inú rẹ̀, ẹ lè gbà á lọ́wọ́ bàbá yín, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni pé kí ẹ wó o, kí ẹ pa ojú rẹ̀ dà, tàbí kí ẹ kọ́ nǹkan mọ́ ọn láìgba àṣẹ NCMM.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá tiyín wà níbẹ̀? Ẹ kọ lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Abẹ́òkúta, ẹ fi fọ́tò ilé àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, kí ẹ sì gba èsì lórí ìwé. Ẹ má gba èsì ẹnu. Bí ilé kò bá sí nínú gásẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣì máa gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ètò ìlú ní ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, ayàwòrán ilé ló sì yẹ kó bá yín gbé ìwé náà lọ, nítorí àwòrán rẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò.

Àwọn kan rò pé bí orúkọ ilé bá ti wọ gásẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ilé Fernandez ní Tinúbú Square ní Èkó, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Ilojo Bar, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1956. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé ẹbí ni òun náà. Gásẹ́ẹ̀tì kò bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀ páànù, kò sì bá ẹnikẹ́ni parí ìjà ẹbí.

Irú ayàwòrán ilé tí ẹ ń wá

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ya pláànù ló ń jẹ́ ayàwòrán ilé. Láti 1969 ni ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ayàwòrán ilé, ti ń fi orúkọ àwọn tó kọ́ṣẹ́ sínú ìwé. Ẹ bèèrè nọ́ńbà rẹ̀, ẹ wo èdìdì rẹ̀, kí ẹ sì wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ojú kì í ti ayàwòrán ilé tòótọ́ bí a bá bèèrè. Ẹni tójú bá tì, ẹ ti rí èsì yín.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó ṣá. Ó ń sọ fún yín pé ó mọ ilé kọ́. Kò sọ pé ó mọ amọ̀. Bọ́lọ̀ọ̀kù àti kọnkéré ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ wọn dàgbà ní yunifásítì, ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹ bi í pé ilé àtijọ́ wo ló ti fọwọ́ kàn rí, kí ẹ sì lọ wo ilé náà fúnra yín, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ bi í pé kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Bí ó bá ní òun máa ya nǹkan tó rẹwà fún yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fún un ní omi tútù kó máa lọ. Bí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun wọn ilé náà ná, ẹ fún un ní àga.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ohun tí iṣẹ́ sùúrù ń bí, ẹ wọ inú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, kí ẹ wo Jaekel House. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin tó jẹ́ ayàwòrán ilé wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló gbà á là. Ní 2010 ni iṣẹ́ parí, ó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ojú ilé náà ṣì jọ ojú ilé. Ẹ ò ní rí táìsì tó ń dán lára rẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé

Obìnrin ni ayàwòrán ilé tó bá wa tún ilé ìyá ìyá mi ṣe. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, òjò ń rọ̀ gidigidi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè é.

“Ẹ wọlé o, ẹ má jẹ́ kí òjò pa yín.”

“Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jẹ́ n ṣì wà níbí. Òjò yìí gan-an ni mo wá wò.”

Ó dúró sí igun ilé pẹ̀lú agbòjò, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi ń já bọ́ láti etí páànù, ó ń bọ́ sórí kọnkéré tó yí ilé ká, ó ń ta padà sára ògiri. Ibi tí omi náà ń ta dé ti pupa, ó ga tó orúnkún. Ó bèèrè ìgbà tí a da kọnkéré náà. Gbogbo wa wo ara wa. Nígbà ìsìnkú bàbá ńlá wa ni, kí kánópì àti àga lè rí ibi tó tẹ́jú dúró. A ti náwó sí i, a sì ti ya fọ́tò lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, tí ògiri wa sì ń mu omi ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò.

Nígbà tó wọlé, ó ń fi ìka kan ògiri bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Níbì kan á dún gbì, ibòmíràn á dún bí àkèǹgbè tó ṣófo. Ó mú ọ̀bẹ kékeré kan, ó fi gún igi fèrèsé ẹ̀yìn, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Ó gún ti iwájú, ọ̀bẹ kò tilẹ̀ lè ha á. “Ìrókò,” ló wí, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Kò yàwòrán kankan lọ́jọ́ náà. Bí ó ti lọ tán ni bàbá wo mi: “Ṣé èyí la fẹ́ sanwó fún?”

Èyí gan-an ni ẹ máa sanwó fún, kí ẹ sì san án lọ́tọ̀, kó má wọ inú owó iṣẹ́ yòókù. Lẹ́yìn náà ló fi ọjọ́ mẹ́ta wọn ilé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọn yàrá kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun, nítorí ilé àgbà kì í ní igun tó gún régé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo, wọ́n ya ògiri kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò pẹ̀lú igi ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí ògiri bá ti là, wọ́n fi pílásítà díẹ̀ dí ojú rẹ̀, wọ́n kọ déètì sí i. Bí pílásítà náà bá là lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn. Bí kò bá là, ọgbẹ́ àtijọ́ ni, ẹ má tìtorí rẹ̀ wó ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti wó nítorí ọgbẹ́ tó ti jinná láti nǹkan bí ogójì ọdún.

Wọ́n jókòó ti ìyá àgbà pẹ̀lú. Òun ló sọ ibi tí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ wà kí wọ́n tó gbé e, òun ló sì mọ ẹni tó di ilẹ̀kùn kan pa ní ẹ̀yìn pálọ̀ àti ìdí tó fi dí i. Kò sí èyí tí ẹ máa rí nínú ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì

Ògiri amọ̀ ń mí. Omi ń gun un láti inú ilẹ̀ wá, ó ń jáde lójú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ, ara rẹ̀ á tún gbẹ. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ẹ ti di imú rẹ̀. Omi tó wọlé láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ibi tí páànù ti ń jò kò ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ á rọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, ikán á gbọ́ òórùn ilé tó tutù, ojú sìmẹ́ńtì á sì máa dán lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta. Ọjọ́ tó bá já, á já ní abala ńlá, á gbé amọ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn á ní, “Ẹ wò ó, ilé ti gbó.” Ọ̀dà aláwọ̀ tó ń dán bí rọ́bà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Mọ́sáláṣí Larabanga ní àríwá Gánà, amọ̀ àti igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti iyanrìn rẹ́ ẹ kí òjò má baà mú un. Omi há sínú, ikán wọ inú igi, ìjì kan sì wó apá kan rẹ̀ ní 2002. Nígbà tí àjọ World Monuments Fund wá ràn wọ́n lọ́wọ́, iṣẹ́ tó gbà wọ́n lákòókò ni bíbó sìmẹ́ńtì kúrò, kí àwọn oníṣẹ́ ìlú náà tó tún fi amọ̀ rẹ́ ẹ bí ti àtijọ́.

Kí ni ẹ máa wá lò? Amọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ ni, tàbí láìmù tí a pò mọ́ iyanrìn, nǹkan bí òṣùwọ̀n láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta. Láìmù kì í sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta sìmẹ́ńtì, ẹ tètè wá a, kí àwọn oníṣẹ́ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú nítorí ó ń jó ara. Ti amọ̀, ayàwòrán ilé wa kọ́ wa ní ọgbọ́n ìgò. Ẹ bu erùpẹ̀ tó wó lára ògiri dé ìdajì ìgò, ẹ da omi kún un, ẹ mì í jìgìjìgì, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á bò ó lórí. Ẹ ṣe bákan náà fún erùpẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà. Èyí tí ìpele rẹ̀ bá jọ ti ògiri jù ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ìwọ̀n ẹnu ilẹ̀kùn kan lẹ́yìnkùlé, kí òjò ọdún kan lù ú kí ẹ tó gbé e wá síwájú.

Bíríkìlà yín yóò bá yín jà lórí èyí. Tiwa ní, “Ọ̀gá, ká kàn fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i kó lè le.” Bàbá oníṣẹ́ rere ni, ohun tó fi jẹun ní ọgbọ̀n ọdún ni mo ní kó gbé jù sílẹ̀. Ayàwòrán ilé kò bá a jiyàn. Ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi òòlù kan sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ilé ìdáná lọ́jọ́sí, abala kan ṣí, ó ní kí bàbá ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá fa ọwọ́ jáde, ẹrẹ̀ ni, nínú oṣù kejì tí òjò kò tíì rọ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì mọ́.

Ètò iṣẹ́ àti owó

Òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kun ojú ilé tí orí rẹ̀ ń jò. Ẹ jẹ́ kí òrùlé dagun bó ṣe dagun tẹ́lẹ̀, kí etí páànù sì jáde síta dáadáa. Àwọn àgbà tó fi í sílẹ̀ gígùn mọ ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yẹ kó bọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá sí ẹsẹ̀ ilé: ẹ fọ́ kọnkéré tó mọ́ ògiri lẹ́sẹ̀, ẹ la gọ́tà tí yóò gbé omi lọ jìnnà. A fọ́ tiwa. Ó dùn wá. Igi tó bá jẹrà lórí nìkan, káfíńtà tó mọṣẹ́ lè gé orí náà, kó so igi mìíràn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìrókò yín lọ nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan tó bàjẹ́. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, ẹ gbé wọn jìnnà sí ògiri amọ̀, kí páìpù omi máa gba ibi tí ojú lè rí kó má baà jò níkọ̀kọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá dábàá kí ẹ da dẹ́kìn lé ògiri amọ̀ lórí, ẹ ní kó fi ìdábàá náà sínú ìwé kó sì fọwọ́ sí i. Kò ní fọwọ́ sí i.

Àdéhùn yín pẹ̀lú ayàwòrán ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye ìgbà tí yóò máa wá lọ́sẹ̀, ẹni tó lè yí nǹkan padà láàárín iṣẹ́, ẹni tó ni àwòrán. Ẹ gbìyànjú kí ẹ̀dà àwòrán àti fọ́tò gbogbo wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ sanwó ní ìpele, lẹ́yìn tí ó bá ti wo iṣẹ́ tó sì sọ pé ó dáa. Ẹni tó wà ní òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gbogbo owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹ ya ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ohun tí ojú kò tíì rí, nítorí ilé àgbà kì í sọ gbogbo àìsàn rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ní Abẹ́òkúta, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ó sì máa ń parí lẹ́yìn oṣù kẹwàá. Ìgbà òjò la fi ń wo àìsàn ilé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ láti oṣù kọkànlá, inú òjò ọdún kan náà ló ti yẹ kí ayàwòrán ilé dúró sí igun ilé rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò. Ẹ pè é kí òjò tó dá.